Ọ̀sẹ̀ kan lórí kẹ̀kẹ́: Ẹ̀pẹ́, Ìtòìkín, Ìkòròdú, Ìjẹ̀bú-Òde

Girona, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, ni mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun. Ìlú tí kò tóbi ni, ṣùgbọ́n eléré kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ibẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí àárọ̀ téèyàn máa jáde tí kò ní pàdé wọn. Ní ìparí ọdún yìí, mo fi òtútù ibẹ̀ sílẹ̀, mo gba ilé Ìyá àgbà lọ ní Ẹ̀pẹ́. Kóòṣì mi kò bá mi jà. Ó kàn ní ibi tí mo bá wà, ìwé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ máa bá mi níbẹ̀. Ó sì bá mi lóòótọ́. Alẹ́ ni mo ń kọ èyí, fún ẹni tó bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ wá sí apá ibí, àti fún àwọn tó máa ń bi mí pé kí ni eléré kẹ̀kẹ́ ń ṣe gan-an nígbà tí kò bá sí ìdíje.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá 2025

Ìsinmi ni wọ́n kọ sí Ajé. Òpin ọ̀sẹ̀ ni ìdíje sábà máa ń bọ́ sí, nítorí náà ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe ju ká na ẹsẹ̀ lọ ní Ajé. Ìyá àgbà kò rí i bẹ́ẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ń sanwó fún ọ, o sì ń sùn di aago mẹ́jọ?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Màmá, oorun náà wà nínú iṣẹ́." Wọ́n wò mí tòkè tilẹ̀, wọ́n ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n dìde wá jẹun, torí oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Wọn ò mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ.

Mo to kẹ̀kẹ́ pọ̀ ní àgbàlá, àwọn ọmọ ilé yí mi ká. Àjọ UCI tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé kò gbà kí kẹ̀kẹ́ ìdíje fúyẹ́ ju kìlógíráàmù 6.8 lọ, tèmi fi díẹ̀ wúwo jù bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin kan fi ọwọ́ kan gbé e sókè, ó ní, "Àǹtí, èyí ò ní fọ́ lójú títì wa báyìí?" Ìbéèrè gidi ni. Táyà mílímítà 28 ni mo ń lò ní Girona. Kí n tó kúrò níbẹ̀ ni mo ti fi 32 rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó má mú èyí tó tín-ín-rín ju ìyẹn lọ.

Lọ́sàn-án, a lọ sí ọjà Olúwo létí ọ̀sà. Ẹja àrọ̀, epìyà, ọ̀bọ̀kún, edé, alákàn tí wọ́n ti so ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, oyà yíyan ní ẹ̀gbẹ́ kan. Obìnrin tó ta ọ̀bọ̀kún fún wa pe ₦11,000 fún méjì ńláńlá. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n bi í léèrè ọmọ àti ọkọ, wọ́n gbé ẹja náà yẹ̀ wò, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni tó ń lọ. Ẹja wá di ₦8,000. Ẹ jọ̀ọ́, bí ohùn yín bá ti ní òkè òkun nínú, ẹ má dá lọ ná ẹja ní Olúwo. Ẹ mú àgbà dání.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kejìlá

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì àtààbọ̀, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: kí n tẹ̀ ẹ́ ní wáàtì 240 fún ìṣẹ́jú 8, kí n rọra ṣe fún ìṣẹ́jú 4, lẹ́ẹ̀mẹrin. Fún ẹni tí kò mọ bí ó ṣe ń lọ: ẹ̀rọ kékeré kan wà nídìí pẹ́dàlì tó ń wọn agbára tí ẹsẹ̀ fi ń tì í, ó sì ń gbé e jáde lójú kọ̀ǹpútà kékeré tó wà níwájú mi. Kò kàn án bóyá atẹ́gùn ń fẹ́ tàbí ọ̀nà ń gòkè. Wáàtì 240 ní Girona ni wáàtì 240 ní Pókà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀pẹ́ níbí.

Iye tó ń ná ara ló yàtọ̀. Mo jáde kí aago mẹ́fà tó lù, mo kọrí sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ àkọ́kọ́ dùn, ìkejì náà kò burú. Nígbà tí ẹ̀kẹta fi máa parí, oòrùn ti yọ, ọkàn mi sì ti ń lù ju 180 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ní Girona, nídìí iṣẹ́ kan náà, kì í kọjá 168. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Nínú ooru, iṣẹ́ méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń ṣe pọ̀: ó ń gbé afẹ́fẹ́ lọ bá iṣan ẹsẹ̀, ó sì ń gbé ooru inú ara wá sí awọ kí òógùn lè tù ú. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀ sí i lójú ẹsẹ̀, ọkàn ló máa fi eré dí i. Bí èèyàn bá ti ṣe èyí fún bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ara á mọ̀ ọ́n: omi inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, òógùn á tètè jáde, ọkàn á sì rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ní Yúróòpù ń náwó lórí nǹkan yìí. Èmi náà ti jókòó sínú omi gbígbóná lẹ́yìn iṣẹ́, tí mo ń wo aago, kí ara lè rò pé ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀fẹ́ ni.

Nínú ẹ̀kẹta yẹn ni ọlọ́kadà kan tó gbé èrò méjì yọ sí mi. Ó bá mi rìn ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́. "Àǹtí, ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ tẹ̀ ẹ́! Wọ́n ń lé yín bọ̀ o!" Èrò tó wà lẹ́yìn pátápátá ti yọ fóònù, ó ń yà mí. N kò lè dáhùn, ẹnu mi ń wá afẹ́fẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ pé, mo jáwọ́, mo ń rọra yí ẹsẹ̀. Ojú ọlọ́kadà fà ro. "Ó ti rẹ̀ yín ni? Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ẹ̀ ni." Mo ní kó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́rin, màá tún sáré. Ó sì dúró! Ó yà sí ẹ̀bá títì pẹ̀lú èrò rẹ̀, ó sì bá mi ṣe ẹ̀kẹrin dé òpin. N kò mọ ohun tí àwọn èrò yẹn sọ fún ẹni tó ń retí wọn.

Fún àwọn tó bá fẹ́ ọ̀nà yìí: àárín aago mẹ́fà sí mẹ́jọ ló dára. Lẹ́yìn ìyẹn, tìpà á ti pọ̀. Ní apá Ìpínlẹ̀ Ògùn, títì fẹ̀ ju ti apá wa lọ, ó sì tẹ́jú, ibẹ̀ ni kí ẹ fi iṣẹ́ agbára sí.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kejìlá

Wákàtí márùn-ún, gbogbo rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ìkòròdú ni mo fojú sùn, bíi 60 kìlómítà ní àlọ, kí n sì gba ọ̀nà kan náà padà.

Ní aago mẹ́rin ààbọ̀, Ìyá àgbà ti dáná. Ìrẹsì, ẹyin méjì, ọ̀bọ̀kún tó ṣẹ́kù. Oúnjẹ tí màá jẹ lójú ọ̀nà ni mo ti tò kalẹ̀ lálẹ́: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àti ìgò omi méjì tí mo bu súgà gíráàmù 60 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Kóòṣì fẹ́ kí n máa gba tó gíráàmù 80 oúnjẹ agbára ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ní Girona, wọ́n ń ta jẹ́ẹ̀lì fún èyí nínú ọ̀rá, ẹyọ kan lè tó yúrò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, gíráàmù bíi 25 péré ló sì sábà ń wà nínú rẹ̀. Súgà tí a fi ń mu kókó, ìdajì rẹ̀ glúkóòsì, ìdajì frúkítóòsì, àwọn ohun kan náà ni wọ́n ń pò sínú ọ̀rá yẹn. Mo ra kílò kan ní ₦2,000, ó sì máa tó mi lò di Àìkú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ gbọ́dọ̀ ra jẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó lè gun kẹ̀kẹ́ jìnnà, ọjà ló ń tà.

Ìkùukùu wà lórí omi nígbà tí mo dé afárá Ìtòìkín, iná iwájú kẹ̀kẹ́ ṣì ń tàn. Àwọn obìnrin ti gbé ẹja jáde. Mo ń lọ, mo ń mu omi súgà, mo ń kí èèyàn. Ẹ ò lè gba ọ̀nà yìí láìkí èèyàn. Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á rò pé inú ń bí yín. Nítòsí ọ̀nà Ìmọ̀tà, ọkọ̀ tó kó ìrẹsì ń wọ́ bọ̀ níwájú mi. Ìmọ̀tà ni ilé ìlọrẹsì Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà, èyí tí wọ́n ṣí ní Oṣù Kínní 2023, tí wọ́n ṣe láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan. Eléré kẹ̀kẹ́ máa ń jẹ ìrẹsì gan-an, mo sì ń fojú kéékèèké wo àpò yẹn bí mo ṣe ń tẹ̀lé e. Nígbà tí mo dé ìta Ìkòròdú, ọkọ̀ àti kòròpè ti dí ojú ọ̀nà pa. Mo mu píọ̀ wọ́tà mẹ́ta, mo ra àkàrà ₦500, mo yí padà. Ẹ má wọ àárín ìlú Ìkòròdú lórí kẹ̀kẹ́ ìdíje láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ gbà níbẹ̀.

Mi ò tíì padà dé Ìtòìkín nígbà tí táyà ẹ̀yìn jò. Kì í ṣe ìṣó. Irin pẹlẹbẹ kan ló ya ẹ̀gbẹ́ táyà, ihò tó gba ìka kékeré. Omi àlẹ̀mọ́ tó wà nínú rẹ̀ ń tú síta, kò lè dí i. Mo ní túùbù lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fi túùbù sínú táyà tó ya, á yọ ikùn jáde níbẹ̀, á bẹ́. Mo ti kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà kan lábẹ́ igi máńgòrò.

Ó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ náà lójú ẹsẹ̀. Ó yí i po, ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Èmi yọ ₦50 nínú àpò, nítorí ohun tí a máa ń ṣe ní òkè òkun nìyẹn: a ó ká owó bébà, a ó fi sí inú táyà níbi tó ti ya, ká lè délé. ₦50 tiwa sì le, ọ̀rá ni wọ́n fi ṣe é. Ọ̀gá yìí wo owó, ó wo mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ fẹ́ fi owó dí ihò? Mo mọ̀ pé náírà ò já mọ́ nǹkan mọ́, àmọ́ kò tíì tó báyìí." Ó gé awẹ́ kan lára túùbù ọ̀kadà tó ti gbó, ó fi irin ha á, ó pa sọ́lúṣọ̀n sí i, ó fẹ́ ẹ lẹ́nu, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú táyà, ó fi òòlù lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbé àga fún mi, ó ní kí n bọ́ àṣíborí kúrò lórí kí ọpọlọ mi má baà sè.

Ìṣòro tó kù ni afẹ́fẹ́. Ẹnu túùbù kẹ̀kẹ́ ìdíje tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu pọ́ǹpù ẹ̀rọ rẹ̀ fẹ̀, kò bá a mu. Mo ní irin kékeré kan lápò tí wọ́n fi ń so méjèèjì pọ̀, bíńtín ni, kò sì ju owó búrẹ́dì kan lọ. Ẹ má jáde láìmú un dání! Bí kò bá sí lọ́wọ́ yín, pọ́ǹpù ọwọ́ lẹ ó fi ṣe é, òógùn á sì bò yín.

Ó kọ̀, kò gbowó. Mo fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ₦1,000, ọ̀gá ní kó dúpẹ́ dáadáa. Ó ti kọjá ọ̀sán kí n tó délé, oòrùn ti fi orí mi ṣeré tó bó ṣe fẹ́. Awẹ́ túùbù yẹn ṣì wà nínú táyà bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní yọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá

Wákàtí kan àti díẹ̀, kí agbára má kọjá wáàtì 120. Èyí ni apá iṣẹ́ wa tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Nínú nǹkan bíi wákàtí 18 tó wà nínú ìwé ọ̀sẹ̀ yìí, èyí tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára kò tó méjì. Ìyókù, jẹ́jẹ́ ni. Ìjẹ́jẹ́ yẹn ló ń kọ́ ara láti máa sun ọ̀rá inú rẹ̀, tó ń sọ ọkàn di alágbára, tó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ lè gba ọjọ́ tó le. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ á kàn máa rẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ni.

Mo ń lọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan lórí kẹ̀kẹ́ onírin, apẹ̀rẹ̀ ẹja lẹ́yìn rẹ̀, fìlà lórí, kọjá mi lọ. Ó yíjú padà. "O kú ìrìn, ọmọ mi. Ṣé ṣéènì ẹ já ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Jẹ́jẹ́ ni iṣẹ́ mi lónìí."

"Ta ló wá ń sanwó ìyẹn?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí apẹ̀rẹ̀ fi mì, wọ́n sì dín eré kù kí a lè jọ máa lọ sí etí ọ̀sà. Ìdílé ìyá wọn, Èkó Ẹ̀pẹ́ ni. Ti bàbá wọn, Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, bí ẹni pé àná ló dé: bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe yin Èkó níbọn ní 1851, tí ọba gbé àwọn èèyàn rẹ̀ gba orí omi wá sí Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n sì wà níbí títí di 1862 kí ó tó padà. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe ọdún Káyókáyó lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ mọ Ẹ̀pẹ́, kí n wá nígbà yẹn, kí n fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nílé, torí n kò ní lè gùn ún lẹ́yìn oúnjẹ ọjọ́ náà.

Lálẹ́, Ìyá àgbà fi àdí wọ́ ẹsẹ̀ mi. Nínú ẹgbẹ́ ńlá, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, á máa wọ́ ẹsẹ̀ eléré lálaalẹ́ ìdíje. Wọ́n di itan mi mú, wọ́n ní ó le bí okùn ìdákọ̀ró. Ọwọ́ wọn wúwo ju ti ẹnikẹ́ni tí wọ́n ń sanwó fún lọ. Mo ké, wọ́n ní kí n dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 5 Oṣù Kejìlá

Eré kúkúrú lórí òkè tó gòkè láti etí ọ̀sà wọ inú ìlú: ìṣẹ́jú-àáyá 15 pẹ̀lú gbogbo agbára, kí n rọra sọ̀ kalẹ̀, kí n tún un ṣe. Àárọ̀ kùtù ni mo ṣe é, torí tí ọ̀sán Jímọ̀ bá ti súnmọ́, ọ̀nà mọ́ṣáláṣí á kún, kò sì yẹ kéèyàn máa sáré gba àárín àwọn tó ń lọ kírun.

Àwọn ọmọ iléèwé dúró, wọ́n ń kà á fún mi. Wọ́n ka méje nígbà tí kọ̀ǹpútà mi ní mẹ́fà, wọ́n sì bá mi jiyàn. Mo tún ṣe ọ̀kan kí ìjà lè parí.

Àìsí òkè gígùn nìkan ni ìyà tí Ẹ̀pẹ́ fi ń jẹ eléré. Ní Girona, mo lè gun òkè Rocacorba fún ju ìdajì wákàtí lọ láìsọ̀ kalẹ̀. Níbí, òkè á parí kí ẹsẹ̀ tó gbóná. Ẹni tó bá ń múra sílẹ̀ fún òkè ńlá, kó wá ibòmíràn lọ. Ẹni tó fẹ́ ooru àti ọ̀nà títẹ́jú, ibí tó o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kejìlá

Àwọn oníkẹ̀kẹ́ láti Ajah àti Lẹ́kkí máa ń jáde sí òpópónà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ ní ìdájí Àbámẹ́ta. Mo lọ pàdé wọn ní oríta Ẹlẹ́kọ. Oníṣirò owó wà nínú wọn, dókítà wà, ọkùnrin kan tó ń ta táìlì, àti ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ mi.

Gígùn ní ọ̀wọ́ yàtọ̀ sí dídá gùn. Ẹni tó wà lẹ́yìn ẹlòmíràn lè fi tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ pamọ́, torí ẹni iwájú ló ń la atẹ́gùn. Nítorí náà a ń gba iwájú lọ́wọ́ ara wa. Àwọn kan kì í fẹ́ kúrò níwájú, wọ́n rò pé akin ni wọ́n ń ṣe. Tó bá yá, wọ́n á rọ, gbogbo ọ̀wọ́ á dẹ̀ dúró. Mo kọ́ wọn kí wọ́n máa gba iwájú fún ìṣẹ́jú kan péré, kí wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn. Láàárín ìdajì wákàtí, a ń sáré ju bí wọ́n ṣe rò pé àwọn lè sá lọ, kò sì sí ẹni tó ń pariwo. Èyí ló dùn mọ́ mi jù ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Títì náà jẹ́ kọnkéré ní ibi púpọ̀, orí ìsopọ̀ rẹ̀ sì ń gbọn ọwọ́. Táńkà àti tìpà pọ̀. Yanrìn tó dà sílẹ̀ lára tìpà kan ló gbé dókítà wa ṣubú, ìgúnpá àti orókún bó. Ìyá kan tó ń ta àgbọn lẹ́bàá títì ti sáré dé kí àwa tó sọ̀ kalẹ̀. Ó bẹ́ píọ̀ wọ́tà, ó fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́, ó ń bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Dókítà ní, "Ẹ ṣeun, Màmá, dókítà ni mí." Ó ní, "Dókítà kì í ṣubú ni? Na ọwọ́ ẹ." Nígbà tí a fẹ́ sanwó, ó ní omi nìkan ni a ó san, ₦50 lọ́nà mẹ́rin, ìtọ́jú kò níye. A ra àgbọn rẹ̀ tán.

Nídìí àgbọn yẹn ni wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń bi mí: èló? Mo sọ òótọ́. Ipele mẹ́ta ni ẹgbẹ́ obìnrin pín sí lábẹ́ UCI. Ní ipele òkè pátápátá, owó oṣù tó kéré jù wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ san dín. Ní ipele kẹta, tí ẹgbẹ́ mi wà, kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fún wa ní kẹ̀kẹ́, aṣọ, owó ọkọ̀ òfuurufú, àti owó díẹ̀. Àwa mẹ́rin la jọ ń gbé ilé kan. Ọ̀kan nínú wa ń gbé kọfí fún oníbàárà lọ́sàn-án, lẹ́yìn tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí mẹ́rin. Oníṣirò owó ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí, ó dákẹ́.

Ọmọbìnrin yẹn kò dákẹ́. Ó ní kẹ̀kẹ́ tí òun ń gùn, yíyá ni. Ṣé ìyẹn ò ní dí òun lọ́wọ́? Mo sọ fún un nípa Ese Ukpeseraye, ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Òlíḿpíìkì Paris 2024, tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ tí àwọn ará Jámánì yá a ló fi sá eré inú pápá. Mo sọ fún un nípa Biniam Girmay ará Ẹritríà, tó borí ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ìdíje Tour de France 2024, tó sì gbé aṣọ aláwọ̀ ewé, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó kó máàkì jọ jù, délé. Àti pé Kigali ni ìdíje àgbáyé ojú títì ti wáyé ní Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ó mọ gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni iye wákàtí tí mo ń sùn. Mo ní mẹ́sàn-án. Ó ní bàbá òun á lé òun jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá

Wákàtí mẹ́rin, jẹ́jẹ́, lẹ́sẹ̀ tó ti rẹ̀. Ọ̀nà dá páropáro, àwọn èèyàn ń wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lónìí, nídìí wáàtì tí mo fi lọ sí Ìkòròdú ní Ọjọ́rú, ọkàn mi ti fi díẹ̀ rọ̀. Kò tíì tó nǹkan, àmọ́ kóòṣì rí i kí n tó sọ fún un, ó fi àtàǹpàkò ránṣẹ́.

Mo yà wo Ẹ̀rẹ̀dò Súngbọ̀. Odi àti yàrà tí àwọn baba wa fi ọwọ́ gbẹ́ ni, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bíi 160 kìlómítà, ibi kan wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Kìlómítà 160 yẹn tó ìdíje ọjọ́ kan fún àwa obìnrin. Bàtà kẹ̀kẹ́ ìdíje ní irin tàbí ọ̀rá líle nísàlẹ̀, kò ṣeé fi rin ilẹ̀ tó ní ewéko tútù. Mo yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo bọ́ ọ, mo fi ẹsẹ̀ lásán sọ̀ kalẹ̀, mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká. Ẹ mú sálúbàtà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sápò ẹ̀yìn aṣọ. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, ara tù mí, kọ̀ǹpútà mi fi dígírì mẹ́rin dín sí ti ojú títì. Ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti oko ní òun ò tíì rí ẹni tó gbé kẹ̀kẹ́ wọ yàrà rí, ó bá mi gbé e gòkè.

Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti jẹun. Ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná, ẹja gbígbẹ nínú, ẹ̀bà tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń jẹ ẹ́. ₦2,500 pẹ̀lú ẹja méjì. Mo jẹ abọ́ kan, mo tún béèrè. Ìyá olóńjẹ ní ṣé mo lóyún ni. Mo ní rárá Mà, láti Ẹ̀pẹ́ ni mo ti gun kẹ̀kẹ́ wá. Ó fi ẹja kan lé e láìgbowó.

Bí ẹ bá fẹ́ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ tètè jáde. Àwọn tó ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ ló ń jẹ ẹ́ tán, tó bá sì fi máa di aago méjìlá, ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí nìkan ni ẹ ó bá.